Ta Ni “A” Nínú “Ohun Tí A Kò Fẹ́”? Ìtàn Bí A Ṣe Ń Gé Ètò Linux Kù fún Àwọn Ẹ̀rọ Kékeré

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó wà nínú ikùn ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò jìnnà sí iṣẹ́ tiwa rárá. Ẹni tí ó bá ti ṣe olóòtú ìwé rí mọ̀ pé iṣẹ́ olóòtú pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ó yọ kúrò. Ó ní láti mọ ìlà tí ó ṣeé gé àti ìlà tí ó jẹ́ pé, bí a bá gé e, orí kẹta ìwé kò ní í ní ìtumọ̀ mọ́. Ó sì ní láti dáhùn ìbéèrè kan tí òǹkàwé kì í sábà rántí bi í: ta ni ó fún ọ ní gègé tí o fi ń gé e?

Ìbéèrè yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a gbé lọ bá àwọn tí ń pèsè ètò Linux fún àwọn ẹ̀rọ kékeré. Láti bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ gígé. Wọ́n ń wo àkójọ gígùn kan, wọ́n ń sọ pé “èyí kò wúlò”, wọ́n sì ń yọ ọ́. Èrò mi ni pé iṣẹ́ ọgbọ́n ni, àti pé láìsí i ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ń lò nínú ilé wa kò ní í ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà, “ohun tí a kò fẹ́”, ní olùwà kan nínú tí gírámà kò dárúkọ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ìtàn olùwà yẹn: àwọn wo ni wọ́n ti jẹ́ “a” láti 1995 títí di òní, báwo ni wọ́n sì ṣe gba àṣẹ láti máa jẹ́ bẹ́ẹ̀?

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Èkíní ni Linux. Ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà ni. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ní 1992 ó fi sí abẹ́ ìwé àṣẹ GPL, tí Richard Stallman ti gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ GNU. Kókó ìwé àṣẹ yìí ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá pín ètò náà fún ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi àkọsílẹ̀ orísun rẹ̀ pamọ́ fún onítọ̀hún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ìyókù ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Èkejì ni ohun tí n ó máa pè ní ìdì. Àwọn tí ń pín Linux kì í fún ènìyàn ní ètò wọn ní gbàǹgbà-gbangba bí ẹni da yanrìn sílẹ̀. Wọ́n ń di ètò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn fáìlì rẹ̀ pọ̀, wọ́n ń fún un ní orúkọ, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí i lára pé ìdì báyìí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ìdì báyìí. Ìyẹn ni pé ìdì kan ń gbára lé òmíràn, bí ẹsẹ ìtàn kan ṣe ń gbára lé èyí tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni odindi ẹ̀dà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì jẹ́ ohun tí a lè máa fi ìdì kún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú ráútà, nínú kámẹ́rà ìṣọ́lé tàbí nínú tẹlifíṣọ̀n kì í rí bẹ́ẹ̀. A ti to gbogbo ohun tí yóò lò pọ̀ sójú kan, a ti tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ìwé, a sì ti gbé e wọ inú ẹ̀rọ náà lápapọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á. Ohun tí a tẹ̀ papọ̀ yìí ni mo pè ní odindi ẹ̀dà.

3. Dísíìkì kan ṣoṣo: 1995 sí 1996

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti inú àìní àyè. Ní 1993, Ian Murdock dá Debian sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àkójọ Linux tí ó pẹ́ jù lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé Debian wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà náà ní láti kọ́kọ́ jí kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú dísíìkì pẹlẹbẹ, irú èyí tí ó jẹ́ pé mẹ́gábáìtì 1.44 péré ni ó lè gbà. Inú àyè tóóró yẹn ni kókó Linux gbọ́dọ̀ wà, àti àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń ṣẹ̀dà fáìlì, tí a fi ń to dísíìkì, tí a fi ń tún ohun tí ó bá bàjẹ́ ṣe.

Bruce Perens ni ó wá ọ̀nà àbáyọ. Ó kọ ètò kan ní 1995 tí ó sọ ní BusyBox, ó sì kéde ní 1996 pé ó ti parí fún iṣẹ́ tí òun fẹ́ fi í ṣe. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ yóò dùn mọ́ àwa tí a mọ oríkì. Dípò kí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì tirẹ̀, fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Orúkọ tí a bá fi pè é ni yóò sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Bí a bá pè é ní ls, yóò to orúkọ fáìlì. Bí a bá pè é ní cp, yóò ṣẹ̀dà wọn. Ó dà bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ pọ̀, tí ó sì ń jẹ́ ìpè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣe tí ó bá a mu. Àwọn ohun tí irinṣẹ́ ńlá máa ń tún ṣe léraléra, ẹ̀ẹ̀kan péré ni BusyBox kọ wọ́n. Ó sì tún gé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àfikún tí irinṣẹ́ ńlá ní, èyí tí ẹni tí ó ń jí ẹ̀rọ kò ní í lò.

Ní ìpele yìí, kò ṣòro láti mọ ẹni tí “a” jẹ́. Ẹni tí ó gé ètò náà kù ni ẹni tí yóò lò ó, ìdí tí ó fi gé e sì hàn sí gbogbo ayé: dísíìkì kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí a fi ohunkóhun dù, nítorí pé bí Debian bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà tán, irinṣẹ́ ńlá yóò wá gba ipò irinṣẹ́ kékeré. Gígé náà jẹ́ ti ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe fún ìgbà díẹ̀ ni ó wá di ìpìlẹ̀. Láti ìparí 1999, Erik Andersen gba ìtọ́jú BusyBox, ó sì mú un wọ inú àwọn ẹ̀rọ tí kò ní dísíìkì rárá. Òun kan náà ni ó ṣiṣẹ́ lórí uClibc, àkójọ kékeré àwọn iṣẹ́ tí gbogbo ètò ń yá lò, tí ó dípò àkójọ ńlá ti GNU. Láti 2001 ni àwọn tí ń ṣe uClibc ti ní ohun èlò kan tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ wọn wò, tí ó ń kọ́ odindi ẹ̀dà láti orí àkọsílẹ̀ orísun. Buildroot ni orúkọ rẹ̀. Báyìí ni gígé kù ṣe kúrò ní ọgbọ́n ẹnìkan, tí ó di iṣẹ́ tí ó ní irinṣẹ́ tirẹ̀.

4. Ráútà kan àti ọ̀rọ̀ àṣẹ: 2002 sí 2005

Ní oṣù Kejìlá 2002, ilé-iṣẹ́ Linksys gbé ráútà kan jáde tí wọ́n pè ní WRT54G. Ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé ni. Ẹni tí ó rà á kò rà á gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà. Ó rà á bí ènìyàn ṣe ń ra àtùpà. Ṣùgbọ́n ní 2003, ọdún kan náà tí Cisco ra Linksys, àwọn tí ó mọ Linux ṣàkíyèsí pé Linux ni ó wà nínú àtùpà yìí, àti pé a kò fi àkọsílẹ̀ orísun rẹ̀ síta gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ GPL ti wí. Wọ́n bèèrè fún un. Lẹ́yìn àríyànjiyàn, a fi í síta ní ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Títí di ìgbà yẹn, ẹni tí ó ń pinnu ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ ni ẹni tí ó ṣe é. Olówó tí ó rà á kò ní ju bọ́tìnì lọ. Ní kété tí àkọsílẹ̀ orísun jáde, ẹni tí ó rà á lè ka odindi ẹ̀dà náà bí a ṣe ń ka ìwé, kí ó yọ ohun tí kò fẹ́, kí ó fi ohun tí ó fẹ́ sí i, kí ó sì tún un tẹ̀. Ní January 2004, iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ yìí. OpenWrt ni orúkọ rẹ̀. Ó lo àkọsílẹ̀ ti Linksys pẹ̀lú Buildroot tí a ti dárúkọ. Ohun tuntun tí ó mú wá ni pé ó fọ́ odindi ẹ̀dà ráútà sí ìdì, kí olúkúlùkù lè yan tirẹ̀.

Ní ọdún kan náà, 2004, ilé-ẹjọ́ kan ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì gbọ́ ẹjọ́ tí Harald Welte, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ apá Linux tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọọ̀kì, pe ilé-iṣẹ́ Sitecom tí ń ta ráútà. Ilé-ẹjọ́ náà gbà pé ìwé àṣẹ GPL ní agbára òfin. Ní 2007, Erik Andersen àti Rob Landley, tí wọ́n ti ṣe BusyBox, pe ẹjọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí BusyBox yìí kan náà. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí a fi parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ti rí: ètò kékeré tí a kọ́ nítorí dísíìkì kan ṣoṣo ni ó wá di ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́ fún ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ra ẹ̀rọ.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà sì ní gègé tiwọn. Àwọn WRT54G àkọ́kọ́ ní mẹ́gábáìtì 4 fún ìpamọ́ àti mẹ́gábáìtì 16 fún iṣẹ́. Ní 2005, ẹ̀dà karùn-ún rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìdajì: 2 fún ìpamọ́, 8 fún iṣẹ́. Linux tí wọ́n ń lò kò lè wọ ibẹ̀ mọ́, nítorí náà wọ́n yọ Linux fúnra rẹ̀ kúrò, wọ́n fi VxWorks, ètò tí àkọsílẹ̀ orísun rẹ̀ wà lábẹ́ títì, dípò rẹ̀. Ẹnu ibi tí olówó ẹ̀rọ ti ń bèèrè pé èwo ni kí n yọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ ẹ̀tọ́ ìbéèrè náà. Àwọn oníbàárà ṣe àròyé tó bẹ́ẹ̀ tí a fi tún gbé ẹ̀dà mìíràn jáde ní òpin ọdún náà, WRT54GL, tí Linux àti mẹ́gábáìtì 4 padà sí nínú rẹ̀.

5. Bíbò kì í ṣe yíyọ

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń yọ ìdì kúrò, nítorí pé inú ọ̀nà iṣẹ́ náà ni ẹ̀kọ́ ńlá wà. Nínú ráútà tí ó ń lo OpenWrt, ibi ìpamọ́ sábà máa ń pín sí apá méjì. Apá kan ni odindi ẹ̀dà tí a fún pọ̀ pẹ̀lú SquashFS, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí Phillip Lougher kọ́kọ́ gbé jáde ní 2002. A lè kà á, ṣùgbọ́n a kò lè kọ nǹkan sí i. Apá kejì ni ibi tí a ti lè kọ̀wé, tí a tẹ́ lé apá kìíní lórí bí aṣọ. Ohun tí olùmúlò ń rí ni àpapọ̀ méjèèjì.

Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé, bí àyè bá há, kí òun pàṣẹ pé kí a yọ ìdì kan tí ó bá ẹ̀dà wá ni ó kù. Àṣẹ náà yóò ṣiṣẹ́. Ìdì náà yóò pòórá lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè kò ní í fi báìtì kan pọ̀ sí i, nítorí pé ohun tí ó wà nínú apá kìíní kò kúrò níbẹ̀. Àmì kékeré kan ni a kọ sórí aṣọ òkè pé “má ṣe fi èyí hàn”, àmì náà sì tún gba àyè díẹ̀ tirẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó lẹ bébà funfun mọ́ ojú ìlà kan nínú ìwé títẹ̀. Òǹkàwé kò rí ìlà náà mọ́. Ìwé náà kò fúyẹ́ sí i, ńṣe ni ó wúwo sí i.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ọ́ ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn títẹ̀. OpenWrt pèsè ohun èlò tí a ń pè ní Image Builder fún èyí. Nínú rẹ̀ ni a ó ti to orúkọ àwọn ìdì tí a fẹ́. Èyí tí a kò fẹ́, a ó fi àmì àyọkúrò ṣáájú orúkọ rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò gba ọ̀nà PPP wá lè kọ -ppp àti -ppp-mod-pppoe, odindi ẹ̀dà tuntun yóò sì jáde láìsí wọn. Àyè tí ó ṣí sílẹ̀ yìí jẹ́ àyè gidi.

Àmì kékeré náà léwu o. Dropbear ni ìdì tí olówó ẹ̀rọ ń gbà wọlé láti òkèèrè pẹ̀lú ìpàrokò. Bí ẹnìkan bá wò ó pé òun kì í sábà lò ó, tí ó kọ -dropbear, tí kò sì fi ojú ewé ìṣàkóso sínú ẹ̀dà náà, ráútà náà yóò jí, yóò máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ yóò dúró níta. Yóò ní láti tún odindi ẹ̀dà mìíràn gbé wọ inú rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń gé igi nígbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ohun tí a kì í lò lójoojúmọ́ kò túmọ̀ sí ohun tí kò wúlò. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé kò wúlò títí di ọjọ́ tí iná bá wà ní iwájú.

Ìmọ̀ gígé yìí náà ní òpin. Linux ń dàgbà, kókó rẹ̀ sì ń sanra. OpenWrt 19.07, tí ó jáde ní 2020, ni ó kẹ́yìn tí a kọ́ ẹ̀dà fún ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí wọn kò ní ju mẹ́gábáìtì 4 fún ìpamọ́ àti 32 fún iṣẹ́ lọ. Ó dé ibi tí a gé gé, tí ó ku egungun.

6. Ilẹ̀kùn tí a gbàgbé: 2016

Bí ewu bá wà nínú yíyọ, ewu wà nínú fífi sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2016, ètò apanirun kan tí a ń pè ní Mirai bẹ̀rẹ̀ sí í ká íntánẹ́ẹ̀tì kiri, ó ń kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà ìṣọ́lé, ráútà àti ẹ̀rọ tí ń gba fídíò sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó ń kàn ni Telnet, ọ̀nà àtijọ́ tí a ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà láìsí ìpàrokò kankan. Ó ní àkójọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà bí ọgọ́ta, èyí tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ti fi síbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Bí ọ̀kan bá bá a mu, ó wọlé. Kí ó lè mọ̀ pé òun ti wọlé lóòótọ́, ó ń bi BusyBox ní irinṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MIRAI. Bí BusyBox bá dáhùn pé òun kò ní irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé òun ti dé yàrá. Ní ọjọ́ 21 oṣù October ọdún náà, a fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ojú ewé ńlá-ńlá sì di àwátì fún wákàtí púpọ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Telnet kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe fún ẹni tí ó ra kámẹ́rà. Àwọn tí ó kọ́ odindi ẹ̀dà ni wọ́n lò ó nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọn kò sì yọ ọ́ kí wọ́n tó ta ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ń sun lábẹ́ kámẹ́rà náà kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan wà, nítorí kò sí ẹni tí ó fi àkójọ ìdì hàn án. Nínú ọ̀ràn yìí, “a” tí kò fẹ́ kò sí nínú yàrá nígbà tí a ń ṣe ìpinnu.

7. Nọ́ńbà 767

Mo ti wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan èdè wa, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn.

Nínú Buildroot, láàárín àwọn ohun tí ẹni tí ń kọ́ odindi ẹ̀dà lè yàn, ọ̀kan wà tí àkọlé rẹ̀, bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, yóò jẹ́: “Pa àwọn ètò èdè tí a kò fẹ́ rẹ́”. Ètò èdè ni àkójọ ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa èdè kan ní ilẹ̀ kan: orúkọ oṣù àti ọjọ́, bí a ṣe ń kọ owó, bí a ṣe ń to lẹ́tà tẹ̀ léra. Yorùbá ti Nàìjíríà ní tirẹ̀ nínú àkójọ ńlá ti GNU. Orúkọ rẹ̀ ni yo_NG. Bí ẹni tí ń kọ́ ẹ̀dà kò bá fọwọ́ kan ohunkóhun, Buildroot ti yan pé kí a pa á rẹ́. Méjì péré ni a dá sí: C, tí kì í ṣe èdè ènìyàn kankan, àti en_US, Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà. A kò tì wá nìkan síta; a wà níbẹ̀ pẹ̀lú Faransé, Lárúbáwá àti ìyókù ayé.

Èyí tí ó wà nínú BusyBox ni ó jinlẹ̀ jù. Gbogbo lẹ́tà ayé ni ó ní nọ́ńbà nínú ètò Unicode. BusyBox gba ẹni tí ń kọ́ ọ láàyè láti sọ nọ́ńbà tí ó ga jù lọ tí yóò gbà. Ọ̀pọ̀ nínú irinṣẹ́ rẹ̀ yóò fi àmì ìbéèrè rọ́pò lẹ́tà tí ó bá kọjá ibẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi orúkọ fáìlì hàn. Nọ́ńbà tí a fi síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni 767. Ìdí rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ nínú ètò náà fúnra rẹ̀: títí dé 767, kò sí àmì tí ń gun ẹ̀yìn lẹ́tà mìíràn láìgba àyè tirẹ̀, nítorí náà ètò náà yóò fi nǹkan bí 700 báìtì kéré sí i.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí ni ó wà lẹ́yìn 767? Nọ́ńbà 768 ni àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí a ń gbé lé orí lẹ́tà. Nọ́ńbà 769 ni àmì ohùn òkè. Lẹ́tà ṣ wà ní 7779, ẹ ní 7865, ọ ní 7885. Ibi tí a fa ìlà sí gan-an ni ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹni tí ó bá sọ fáìlì ní Ìbàdàn tàbí Èkó yóò rí i bí ó ti kọ ọ́, nítorí pé àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn ní nọ́ńbà kékeré tí àwọn èdè Yúróòpù ti bá wọn gbà. Ẹni tí ó bá kọ Ifẹ̀ yóò rí If??; Ọ̀yọ́ yóò di ??y??. Ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó yóò di ?k?, ọkọ́ tí a fi ń ro oko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ yóò sì jọ di ?k??, tí ẹnikẹ́ni kò ní í lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè wa ti ń ṣe láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti fi àmì ya ohùn sọ́tọ̀ lórí bébà, ni a fi ra 700 báìtì.

Ẹnìkan lè sọ fún mi pé ráútà kò nílò orúkọ oṣù ní Yorùbá, òtítọ́ sì ni ó sọ. Ẹlòmíràn lè sọ pé ẹni tí ó yan 767 kò ní ẹ̀tanú kankan sí wa. Mo gbà pẹ̀lú. Ó tilẹ̀ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe, ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ọ̀nà àtiyí i padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ wọ̀nyí ti jáde kúrò nínú ráútà. Àwọn ni a fi ń kọ́ odindi ẹ̀dà fún ẹ̀rọ tí ń pa fáìlì mọ́ àti fún ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀rọ̀ hàn lójú gíláàsì. Ìpinnu tí a ṣe nítorí àìní àyè máa ń wà láàyè lẹ́yìn tí àyè ti gbòòrò. Ẹ̀rọ tí ó ní mẹ́gábáìtì 128 kò nílò àtifi 700 báìtì pamọ́. Síbẹ̀ 767 ni yóò bá a lọ bí kò bá sí ẹni tí ó yí i padà.

8. Ìgúnlẹ̀

Ìtàn tí a ti sọ yìí ní “a” mẹ́rin. Ní 1996, “a” ni ẹni tí ó gé ètò náà fún ìlò ara rẹ̀. Ní 2004, “a” di ẹni tí ó ra ẹ̀rọ, nípa agbára ìwé àṣẹ tí ó fún un ní àkọsílẹ̀ orísun. Ní 2016, a rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ra ẹ̀rọ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú nọ́ńbà 767, a rí “a” kẹrin: ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń to ohun tí yóò dúró, tí a sì kà mọ́ ohun tí yóò lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bínú sí i.

Ohun tí ó fún mi ní ìrètí ni pé ọwọ́ kan náà tí ó lè yọ ni ó lè dá padà. Ẹni tí ó bá ń kọ́ BusyBox lè yí 767 sí 12799, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tí ètò náà fúnra rẹ̀ dárúkọ, ẹ, ọ àti ṣ yóò sì wọlé. Nínú Buildroot, ó lè kọ yo_NG mọ́ àwọn tí a dá sí. Kò ní í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí àṣẹ náà ti wà nínú ìwé. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò mọ̀ pé nọ́ńbà náà wà níbẹ̀, tí yóò sì mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ mọ ti àkọ́kọ́. Àwa ni a mọ èkejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ àti ti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ má ṣe rò pé àkójọ ìdì inú ẹ̀rọ kì í ṣe ìwé tí ó yẹ kí ẹ kà. Olóòtú ni ó to ó, ó sì gé e. Bí a kò bá kà á, a kò ní í mọ̀ pé a ti yọ wá. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé a ti yọ òun kò ní í bèèrè pé kí a dá òun padà.